Kọ́kọ́rọ́ Kílíníìkì Tí O Gbé Fún Alágbàtà

Ilo-Awela,
Ọ̀tà.
Àárọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́, Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, gọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá rẹ, tí yóò mú lẹ́tà náà wá bá ọ ní Ìjókó, ti rí gọ́ọ̀mù náà, inú sì ti bí i. Ó ní, "Baba Mosún, èmi tí mo lóyún ẹ̀, ẹ wá fẹ́ lẹ lẹ́tà ẹ̀ mọ́ mi lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí o bá kà á tán, ìwọ náà á mọ ìdí rẹ̀, wàá sì bá mi tù ú nínú, nítorí ó dá mi lójú pé ata ọbẹ̀ alẹ́ òní máa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo ti kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun àti yàrá tuntun nígbà tí gbogbo ẹbí ń kí ọ. N kò ní tún un kí. Inú ló ń bí mi. O mọ̀ pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé láìfi yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n má ṣe torí ìyẹn rò pé eré la wà. Láti Ọjọ́rú ni inú ti ń bí mi, irú ìbínú tó ń jí ènìyàn ṣáájú àkùkọ. Mo pè ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. Ìyẹn ni mo ṣe wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín kò lè já lu ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o bá mi níbi tí mo ti ń bá tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà fún mi jìjàkadì. Ìwé ìròyìn tí mo ń kà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, mo sì ní láti máa ti ojú òpó kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń kí àwọn àna rẹ̀ láti ilé dé ilé. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń fi ara yín ṣe wàhálà. Áàpù kan wà tó ń báni kó gbogbo ẹ̀ jọ. Tí nǹkan tuntun bá ti jáde níbikíbi, á lọ gbé e wá bá yín. Ẹ ò ní rìn mọ́."

Mo ní, "Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá."

"Kí wá ni àwọn tó ni ín ń jẹ?"

"Ẹ ò ní yé ṣe tíṣà! Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n fi àkáǹtì tèmi wọlé fún yín. Wàhálà ni ká tún máa ṣí tuntun."

O fi tìrẹ wọlé fún mi. Mo súre fún ọ. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, mo tilẹ̀ fi ọ́ yangàn níwájú alága, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ ní kí wọ́n ti fèrèsé, "ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọ mi ti fi ìròyìn gbogbo ayé sínú àwo kan ṣoṣo fún mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun mìíràn tí o ti bù sínú àwo náà. Kílíníìkì ilé iṣẹ́ yín ní ojú ewé kan lórí ayélujára tó ní títì, níbi tí dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sí láràárọ̀: ẹni tó wá, ohun tó ń ṣe é, àyẹ̀wò tó kù, ẹni tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin díẹ̀ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ni wọ́n fún ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìwọ tí ò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn wà lára wọn. Ó sú ọ láti máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù yẹn nínú ọkọ̀ láti Ìjókó ní gbogbo òwúrọ̀, o bá gbé e fún áàpù yẹn kan náà. O ní kí ó máa bá ọ ṣílẹ̀kùn, kí ó máa kó ohun tó bá wà nínú ilé jáde fún ọ. Ó sì ṣe é. Ìránṣẹ́ rere ni. Ibi tí orúkọ rẹ bá ti wọlé ló ń kó o lọ, títí dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ tó ń wá èsì bọ́ọ̀lù kà.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, mo jókòó síwájú ilé, mo ń fi ìka fa ìròyìn sókè. Bọ́ọ̀lù. Ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ kan nípa bí wọ́n ṣe ń sin ẹja àrọ̀. Abẹ́ ẹja àrọ̀ ni mo ti rí orúkọ ọmọ kan tí mo mọ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó lọ ṣe, àti ohun tí wọ́n fura sí lára rẹ̀. Èsì kò tíì dé.

N kò ní kọ orúkọ ọmọ náà síhìn-ín, n kò sì ní kọ orúkọ àìsàn náà. Lẹ́tà lè já bọ́ nínú báàgì, gọ́ọ̀mù ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìwọ á mọ̀ ọ́n: ọmọ Màmá Kejì ni. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ìyá rẹ̀ lórúkọ yẹn nígbà tí o ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù, nítorí bí èmi àti màmá rẹ bá pẹ́ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti ń jẹun, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lo sì ti ń sùn. Ọmọ rẹ̀ yìí ló máa ń pọ̀n ọ́ kọjá bí àgbàrá bá ti gba ojú ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò. Kò mọ ìṣirò rárá, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ dára débi pé mo máa ń fún un ní máàkì nítorí pé ó gbìyànjú. Ilé iṣẹ́ kan náà lẹ jọ wà báyìí, ìwọ ní kílíníìkì, òun ní ìdí ẹ̀rọ. Wọn ò tíì fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí ó bá wu fọ́máànù wọn, ó lè ní kó má wá mọ́ láìsọ ìdí. Ìwọ mọ̀ jù mí lọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn tó ń jẹun pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bí ohun tí mo kà yìí bá ta sí etí ẹnì kan kí èsì tó dé, ọmọ yẹn á ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ kò tilẹ̀ yá.

Orúkọ náà ni mo ṣì ń wò nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

Mo dojú tábúlẹ́ẹ̀tì délẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ká ìwé mọ́ lábẹ́ tábìlì nígbà ìdánwò. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Ṣé dáadáa la jí?"

"Alihamudulilai. Ọmọ yín yìí ló ń kọ mí lóminú o. Ó ń rù. Mo ní kí ló dé, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mo se ọbẹ̀ ẹja tó fẹ́ràn, ó ní òun ti jẹun. Tíṣà, ṣé iṣẹ́ ló ń múni kọ ẹja?"

Mo ní, "Àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa ń fúngun mọ́ wọn."

"Ẹ̀yin ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ bá mi bi í. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, kó sọ. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, èmi ìyá ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni?"

Bí obìnrin yẹn ṣe béèrè nìyẹn, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibi tí ìdáhùn wà. Kí ni kí n sọ? Mo ṣèlérí pé n óò bá a bi ọmọ náà, mo wá yí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ìyá tó bí ọmọ kò mọ̀. Èmi tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀ ni mo mọ̀.

Bí ó ti jáde ni mo pè ọ́. O rántí ohun tí o sọ? Ó ti di orin ní orí mi. O ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin ṣáà lẹ rí i, ẹ kì í ṣe àjèjì." Mo bi ọ́ pé ta ló fún ọ láṣẹ láti fi páásíwọ́ọ̀dù kílíníìkì fún ẹlòmíràn. O ní, "Mi ò fún èèyàn kankan o! Áàpù ni mo fún." O ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà yín, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ yín níṣẹ́, kìlọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ fi han "ẹ̀dá alààyè kankan", ìwọ sì ti pa á mọ́. Mo mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka òfin fún ìlú tí wọ́n ṣẹ̀gun, wọ́n á sì fi àlàyé sílẹ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ṣe áàpù yẹn, ṣé òkú ni? Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, ṣé ọ̀run ni wọ́n ti ń wá síbi iṣẹ́?

Ó dáa. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀.

Ìkínní, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi sọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ti ẹni. Bí o bá sanwó ìwé ìròyìn, tí o fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún alákòójọ kan kí ó lè máa gbé e wá fún ọ, ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá jí i, ìwé ìròyìn lo pàdánù, ó sì ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kílíníìkì kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe ti dókítà, kì í tilẹ̀ ṣe ti ilé iṣẹ́. Ti ẹni tó ká apá aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́ ni. Òun ló ni ín, kò sì mọ̀ pé o ti fi yá ẹlòmíràn. Ìrọ̀rùn tìrẹ lo fi àṣírí tirẹ̀ rà. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Ìkejì, má ṣe sọ fún mi pé àwọn tó ni áàpù yẹn kì í jalè. Bóyá wọn kì í jalè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe olùkọ́, àwa mélòó kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa gba àpótí lẹ́tà ní pósí-ọ́fíìsì. Ọ̀nà jìn. Mẹ́sẹ́ńjà ilé ẹ̀kọ́, bàbá kan tó ní kẹ̀kẹ́, ní òun lè máa bá gbogbo wa kó lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo pariwo jù pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. A kó kọ́kọ́rọ́ wa fún un, olóòótọ́ sì ni, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa gbé. Bàbá náà kan ìṣó mọ́ ògiri ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà, ó fi wọ́n kọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó sì kọ orúkọ olúkúlùkù sábẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó rẹwà.

Pírínsípà wa jẹ́ ọkùnrin tí kì í sọ pé "ẹ káàárọ̀" láìkọ́kọ́ ha ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ ṣí afárá tuntun. Ọjọ́ tí mẹ́sẹ́ńjà kò wá, ó mú kọ́kọ́rọ́ wa lára ìṣó, ó fi ọlá ńlá rẹ̀ lọ sí pósí-ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ó ní òun ń ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ fún mi láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Jọ́ọ̀sì tí mo ti béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rò pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni, ó tú u. Lọ́jọ́ kejì, níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ha ọ̀fun, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún olùkọ́ wa ọ̀wọ́n tó ń fi wá sílẹ̀ lọ sí Òkè Ọya." Bí mo ṣe gbọ́ pé mo ríṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí màmá rẹ, tí a kò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà, fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ṣé Jọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ sá gbà?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Wọ́n tún ní kí n má sunkún."

N kò lọ sí Jọ́ọ̀sì mọ́. Mo fẹ́ màmá rẹ, mo bí ẹ̀yin ọmọ, nítorí náà n kò lè pe ara mi ní ẹni tó pàdánù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pinnu ti di orin lẹ́nu ọmọdé kí n tó ráyè rò ó. Bàbá tó ní kẹ̀kẹ́ kò ṣe mí ní ibi kankan. Ìṣó rẹ̀ ló ṣe é. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé alákòójọ kan jẹ́ olóòótọ́, bi wọ́n pé: níbo ló ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́? Ta ló ń kọjá níwájú ìṣó náà?

Mo sì ti lọ ka ohun tó wà nídìí rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí o sọ pé ìbínú arúgbó ni. Áàpù yẹn gbọ́dọ̀ máa kan ilẹ̀kùn kílíníìkì léraléra láti mọ̀ bóyá nǹkan tuntun ti dé, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ hàn nígbàkúùgbà tó bá kàn án. Ohun tó ń lò léraléra, kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Ohun tó sì kó jáde, ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé rẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ àgádágodo lónìí, èyí tó ti kó lánàá kò ní dìde padà sílé. Mo tún kà pé bí àwọn kan ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ páásíwọ́ọ̀dù mọ́ àdírẹ́sì ojú ewé náà gan-an. Ẹni tó bá wá fi àdírẹ́sì yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ pé "wo ibí yìí", ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni tó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà káàdì bánkì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Yẹ tìrẹ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Mo ka ìwé àdéhùn alágbàtà rẹ yìí láti òkè délẹ̀, èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi máàkì ìwé ọmọ tí kò mọ ohun tó ń kọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn: ó ní wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣírí wa gidigidi. Àárín rẹ̀ gùn. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ti rẹ ènìyàn, ni wọ́n ti sọ pé bí ohunkóhun bá jò, ọrùn àwọn mọ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́, n óò fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, fún ìkọ̀wé tó mọ́, n óò sì pe bàbá rẹ̀. Ẹni tí a gbé kọ́kọ́rọ́ fún, tó sì ti wẹ ọwọ́ kí nǹkan kan tó sọnù, ṣé ẹni tí à ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún nìyẹn? Inú tún ń bí mi. Jẹ́ kí n mu omi.

N kò sọ pé ìrọ̀rùn burú o. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ìnira, bóyá ó ń purọ́, bóyá ó ń wá oyè. Áàpù yẹn wúlò fún mi, n óò sì máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúkọ ara mi àti àwọn ìròyìn tí gbogbo ayé lẹ́tọ̀ọ́ sí nìkan. Ohun tó wà ní gbangba, jẹ́ kí alágbàtà máa rù ú kiri. Ohun tó bá ní títì, ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí o ti lọ kà á. Bí ó bá pọ̀ jù fún ọ, sọ fún àwọn tó ni ilé. Wọ́n lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kan fún ọ tí kò ṣí ju ibẹ̀ yẹn lọ, tí wọ́n sì lè gbà padà nígbàkúùgbà. Wọ́n sì lè fún ọ ní èyí tó ń gbé inú fóònù tìrẹ nìkan, tó ń lọ síbẹ̀ tààrà, tí kò yà sí ilé ẹnì kankan lọ́nà. Béèrè. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá kọ̀ǹpútà yín lè kọ́kọ́ ha ọ̀fun.

Ìkẹta, àbí ìkẹrin ni, mo ti ṣi í kà: má fi orúkọ rẹ wọlé fún ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe èmi. Ìfẹ́ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ kò ní kí wọ́n jọ máa run orín kan ṣoṣo. O ní n kì í ṣe àjèjì. Sí ìwọ, bẹ́ẹ̀ ni. Sí ọ̀rọ̀ ara ọmọ Màmá Kejì, àjèjì pọ́nńbélé ni mí, àjèjì tó léwu jù sì ni mí, nítorí mo mọ ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun, tí kò mọ̀ ọ́n rí, lè ka orúkọ yẹn kó sì kọjá lọ. Aládùúgbò ló mọ ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Bí ẹnu mi bá fúyẹ́ bí ti àwọn ọkùnrin kan ní ìpàdé àwọn onílé wa, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti dé Ìjókó ṣáájú lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, dá mi lóhùn tọkàntọkàn. Ta ni o tún fi orúkọ rẹ wọlé fún? Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá? Ẹ̀gbọ́n rẹ? Ọmọ ìjọ yín tí o ní o ràn lọ́wọ́ níjọ́sí? Rò ó dáadáa kí o tó ní kò sí.

Ohun tó kù, àṣẹ ni. N kò fi bẹ́ẹ̀ pàṣẹ fún ọ láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mo ṣì ní díẹ̀ nípamọ́. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, yọ ojú ewé kílíníìkì kúrò nínú áàpù yẹn. Lẹ́yìn náà, ní kí àwọn tó ni áàpù náà pa gbogbo ohun tí wọ́n kó rẹ́, kí o sì ti orúkọ rẹ pa lọ́dọ̀ wọn. Pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà. Èmi ti yọ orúkọ rẹ kúrò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi. Bí ó bá sì di Ọjọ́ Ajé, kí o tó gbé báàgì kalẹ̀, wọlé tọ dókítà lọ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Má sọ pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Má sọ pé gbogbo ayé ló ń lò ó. Sọ pé ìwọ lo ṣe é, pé bàbá rẹ rí orúkọ ẹnì kan, pé o kò mọ ẹlòmíràn tó tún lè ti rí i. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò kàn. Nígbà tí dókítà bá gbà ọ́ láyè, kí o lọ bá ọmọ náà, kí o kúnlẹ̀. Kì í ṣe orí fóònù.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù ìdánwò rẹ kò tíì pé. Wọ́n lè ní kí o máa lọ sílé. Mo ti rò ó láti Ọjọ́rú, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e gbà tí ewu yẹn kò ní sí. Bí wọ́n bá lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí, màmá rẹ kò tíì kó àlùbọ́sà rẹ̀ síbẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lè bọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, Àbẹ̀kẹ́: tìrẹ tàbí ti ọmọ yẹn. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ ṣílẹ̀kùn. Òun, àìsàn ló mú un dé ibẹ̀. O kò lè dákẹ́ kí òun wá san án.

Màmá rẹ ti wọ bàtà, ó ń pè mí. Mo ní láti dá ọwọ́ dúró. Màmá Kejì ti ránṣẹ́ pé ọmọ òun wà nílé lónìí, pé tí àwọn bá ti kírun ọ̀sán tán, òun á mú un wá kí n bá òun bi í bí mo ṣe ṣèlérí. N óò bi í. N óò wo ojú rẹ̀, n óò ní, "Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń rù?" N óò sì dúró de ìdáhùn bí ẹni tí kò mọ̀. Bí ó bá purọ́ fún mi, n óò gba irọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, n óò sì dúpẹ́. Òun ló ni òtítọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ni kó sọ ọ́ fún.

Èmi ni bàbá rẹ, tí yóò jókòó ti fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé.